Ta Ló Bá Yín Yan Èdè?

Tí ojú ìwé kan bá yọ lórí ẹ̀rọ ní èdè tí ẹni tó ṣí i kò gbọ́, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Tanke, nílùú Ìlọrin, kì í pọ̀. Wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́. Wọ́n á ní àwọn ọmọ Yahoo ti háàkì í. Ẹni tí ojú bá ń kán jù nínú wọn á ní, "Bọ̀dá, ẹ kúkú bá mi fọ́máàtì ẹ̀." Fọ́máàtì yìí ló máa ń ká mi lára jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kó iṣẹ́ àṣekágbá odidi ọdún kan sórí ẹ̀rọ, kò dà á kọ síbòmíràn, ó wá fẹ́ ká nu gbogbo rẹ̀ nù torí pé YouTube ń bá a sọ èdè Jámánì. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ. A lè nù ún tán, ká gbé Windows tuntun sí i, kó padà wọlé sínú àkáǹtì rẹ̀, kí èdè Jámánì náà sì tún yọ sí i gbàgà.

Ojú ìwé kì í dédé yan èdè. Ẹnì kan ló sọ fún un. Ó lè jẹ́ àdírẹ́sì tí ẹ tẹ̀ ló sọ ọ́: bí ẹ bá wo òkè, tí ẹ rí /fr/ (Faransé) tàbí hl=de (Jámánì) láàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ẹ yí i sí /en/ tàbí hl=en, kí ẹ sì tẹ Enter. Ó lè jẹ́ àkáǹtì tí ẹ fi wọlé. Ó lè jẹ́ kúkì, ìyẹn fáìlì kékeré tí ìkànnì náà fi sínú búráúsà yín (Chrome, Firefox tàbí irú wọn tí ẹ fi ń ṣí ìkànnì) lọ́jọ́ tí ọwọ́ yín ṣèèṣì kan èdè mìíràn, tó sì ń rántí rẹ̀ látìgbà náà. Ó lè jẹ́ búráúsà gan-an. Bí gbogbo àwọn wọ̀nyí kò bá sì sọ nǹkan kan, ìkànnì á wo ibi tó rò pé ẹ wà láyé, á wá fi ojú ìlú yẹn dá èdè yín mọ̀. Àwọn ìkànnì kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ibi tí ẹ wà yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, kí wọ́n tó bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ìjà mi pẹ̀lú àwọn yẹn ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ kò le. Ẹ ṣí ojú ìwé kan náà nínú fèrèsé incognito. Fèrèsé yẹn kò mọ kúkì yín àtẹ̀yìnwá, kò sì tíì wọlé sínú àkáǹtì kankan. Bí èdè bá tọ́ níbẹ̀, ẹjọ́ kúkì tàbí àkáǹtì ni. Bí kò bá tọ́, ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ fi hotspot fóònù ẹlòmíràn ṣí i. Bí èdè bá yí padà, ibi tí wọ́n rò pé ẹ wà ló fà á. Bí ó bá ṣì rí bó ṣe rí, tí kò sì sí VPN lórí ẹ̀rọ (àlàyé rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀), ó ku búráúsà. Mo ti rí ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà tó gba owó iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan lórí ohun tí kò ju èyí lọ, n kò sì fẹ̀sùn kàn án, torí pé oníbàárà rẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ fáírọ́ọ̀sì.

Nínú gbogbo wọn, búráúsà ni mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé, Àfáà kan láti Òkèlélé ló sì jẹ́ kí n ráyè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Àfáà yìí ń kọ́ni ní kewú, ọmọ rẹ̀ wà ní Yunifásítì Ìlọrin, láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ọmọ ló gbé e wá. Mo ṣí Chrome, gbogbo rẹ̀ ló ti yí kọ ẹ̀yìn síra: àmì tóótòòtó mẹ́ta tó máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún ti bọ́ sí òsì, ọfà tí a fi ń padà sẹ́yìn kọjú sí ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Èdè Lárúbáwá ni.

"Mo lè ka Kùránì o, bọ̀dá," ni ọmọ náà wí, "ṣùgbọ́n mi ò mọ èwo nínú ìwọ̀nyí ni bọ́tìnnì tí mo máa fi fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́."

Mo ní kó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù kí n tó fọwọ́ kan nǹkan. Mo kí i tán, mo bi í pé, "Àfáà, ẹ má bínú, ṣé ẹ̀yin lẹ fi èdè Lárúbáwá sí ẹ̀rọ yìí?" Ó ní, "Èmi ni. Òun ni mo fi ń kàwé. Ẹ má yọ ọ́ fún mi o. Ẹ bá ọmọ yẹn wá ọ̀nà tiẹ̀."

Ohun méjì ni Àfáà ti yí padà láìmọ̀ pé méjì ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Èdè tí Chrome fi ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú àpótí rẹ̀ yàtọ̀ sí èdè tí Chrome ń bá yín bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìkànnì. Bí ẹ bá yí èkíní padà, ojú Chrome nìkan ló yí. Èkejì ni ìkànnì ń gbọ́. Nígbàkígbà tí búráúsà bá lọ bá ìkànnì kan, ó máa ń fi ìlà kan tí wọ́n ń pè ní Accept-Language ránṣẹ́. Ó ti wà nínú HTTP/1.1, ìlànà tí búráúsà àti ìkànnì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí dòní. Ti Àfáà rí báyìí: ar,en-GB;q=0.9,en;q=0.8. Àmì ar ni Lárúbáwá. Kò sí nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀, èyí ló fi jẹ́ pé 1 ni, òkè pátápátá. Gẹ̀ẹ́sì ti Britain gba 0.9, Gẹ̀ẹ́sì lásán gba 0.8. Òdo túmọ̀ sí pé ẹ kò fẹ́ èdè yẹn rárá. Bí èèyàn ṣe ń rán ọmọ lọ sí ọjà Ìpàta náà ni: bí o kò bá rí ẹran ògúfe, ra ti màlúù, bí kò bá sí ti màlúù, mú èyí tí wọ́n bá ní. Ìkànnì tó ní Lárúbáwá á gbé Lárúbáwá sílẹ̀. Èyí tí kò ní i á bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi ń sọ pé "nígbà mìíràn ó máa ń dáa, nígbà mìíràn kì í dáa", tó fi rò pé àìsàn ẹ̀rọ ni.

Ibi tó le nínú iṣẹ́ yìí ni bí èèyàn ṣe máa rìn nínú sẹ́tínǹgì tí gbogbo rẹ̀ wà ní èdè tí kò gbọ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohun tí ẹ kò lè kà. Ẹ lọ sí ibi àdírẹ́sì, kí ẹ kọ chrome://settings/languages síbẹ̀. Bí Chrome bá ń sọ èdè Ṣáínà, àdírẹ́sì yẹn kò yí padà, tààrà ló máa gbé yín dé ojúlé èdè. Ti Firefox ni about:preferences. Àwọn èdè tó wà nínú àkójọ náà ni ẹ máa rí, ẹ gbé èyí tí ẹ fẹ́ lọ sókè.

Ohun tí a ṣe fún wọn nìyí: a dá profaìlì kejì sílẹ̀ nínú Chrome, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ọmọ. Olúkúlùkù profaìlì ló ní àkójọ èdè tirẹ̀, kúkì tirẹ̀, àkáǹtì tirẹ̀. Ojú Chrome fúnra rẹ̀ lórí Windows, ọ̀kan náà ni fún gbogbo profaìlì, torí náà ẹnì kan ní láti gbà fún ẹnì kejì níbẹ̀. Ọmọ ló gbà. Kí ni ì bá tún ṣe?

Kò pẹ́ tí Àfáà fúnra rẹ̀ fi dé, ó fara ya díẹ̀. Ìwé ìròyìn Lárúbáwá tó máa ń kà ti di Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì tí kò sì lórí tí kò nídìí. "Ṣé ẹ kò ní ẹ kò fọwọ́ kan tèmi?" Mo wo ìparí ibi àdírẹ́sì, mo rí àmì Google Translate níbẹ̀. Ìkànnì kò ṣe nǹkan kan fún un. Lárúbáwá ni ìkànnì gbé wá, Chrome ló ń túmọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, torí pé ọmọ náà, nígbà tí ọ̀ràn ṣì gbóná, ti tẹ ibi tó ní kí wọ́n máa túmọ̀ Lárúbáwá nígbà gbogbo. Ẹ̀rí tó ń fi atúmọ̀ yìí hàn ni pé àwòrán tó ní ọ̀rọ̀ lára kì í yí padà, orúkọ àwọn èèyàn máa ń di nǹkan mìíràn, ojú ìwé sì máa ń kọ́kọ́ yọ ní èdè tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó yí. Ẹ tẹ àmì náà, ẹ yan èdè ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé kó má túmọ̀ èdè yẹn mọ́. Oṣù kejìlá 2013 ni Google Translate fi Yorùbá, Haúsá àti Igbo kún àwọn èdè rẹ̀, nítorí náà ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń ka Yorùbá: ẹ ṣí ìròyìn Yorùbá, Chrome á sáré sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì fún yín, bí ẹni pé ẹ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ tokunbo náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tó ti Jámánì dé Lagos kó tó gòkè wá sí Ìlọrin, bí ẹni tó tà á kò bá tún Windows rẹ̀ ṣe, Windows á máa sọ èdè Jámánì, búráúsà tí ẹ bá gbé sórí rẹ̀ á gba èdè yẹn lọ́wọ́ Windows, á sì máa fi de ránṣẹ́ sí gbogbo ìkànnì láyé. Àmì tí mo fi máa ń dá wọn mọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ ni kííbọ́ọ̀dù: Z wà níbi tó yẹ kí Y wà. Ẹ fẹ́ kọ Yorùbá, zoruba ló ń yọ. Láti inú Windows ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ irú èyí. Bí ẹ bá tún búráúsà ṣe tí ẹ fi Windows sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá gbé búráúsà mìíràn sí i ni ẹ máa padà wá.

Ní orí fóònù, Android láti 7.0 ti 2016 ti gbà kí èèyàn to èdè púpọ̀ tẹ̀lé ara wọn. Android 13 tó jáde ní 2022 tún gbà kí áàpù kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀, iPhone ti ń ṣe ìyẹn láti iOS 13 ti 2019. Torí náà bí áàpù kan ṣoṣo bá yí èdè padà, tí gbogbo fóònù yòókù sì dára, ẹ wo sẹ́tínǹgì áàpù náà kí ẹ tó dá fóònù lẹ́bi. Ti Google tún ní ọgbọ́n àrékérekè kan: nínú àkáǹtì, lábẹ́ èdè, ó lè fi èdè kún àkójọ yín fúnra rẹ̀ torí pé ó rí i pé ẹ máa ń lò ó. Ẹ lè pa ìyẹn. Èmi ti pa tèmi.

Ẹ gbọ́ èyí náà, torí kò hàn sójú. Ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà wa ló ń béèrè en-NG, Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà. Bí àkójọ yín bá jẹ́ en-NG, kí ó wá kan Faransé, kí Gẹ̀ẹ́sì lásán tó tẹ̀ lé e, ìkànnì kan tí kò ní en-NG lè kọjá lọ sórí Faransé, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ kíkún. W3C, àwọn tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, ti kìlọ̀ fún ayé lórí èyí: kí en lásán tẹ̀ lé en-NG gbágbáágbá, kí èdè mìíràn tó wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ Faransé ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ẹ yẹ tiyín wò.

Ó wá kan àwọn tó ń fi ibi tí èèyàn wà yan èdè fún un.

Àwọn tó dàgbà tó mi á rántí àwọn káfé Ìlọrin ayé ọjọ́un, ní apá Challenge àti Taiwo, tí àwo sátẹ́láìtì ńlá wà lórí òrùlé wọn. Ẹ á san owó wákàtí kan, ẹ á ṣí Google, á yọ ní èdè Jámánì, lọ́jọ́ mìíràn ní Hébérù. A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ohun tó fà á ni pé nọ́ńbà IP tí káfé ń lò, ìyẹn nọ́ńbà tí ìkànnì fi ń mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń pè é, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ibùdó sátẹ́láìtì lókè òkun ló wà lára rẹ̀, ìkànnì kò sì mọ Ìlọrin. Ní oṣù kẹfà 2021, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, ohun kan náà tún padà wá. Gbogbo èèyàn gbé VPN ọ̀fẹ́ sórí fóònù, ìyẹn áàpù tó ń gba orí kọ̀ǹpútà ibòmíràn (sáfà) kọjá kó tó dé ìkànnì; sáfà rẹ̀ wà ní Netherlands tàbí Japan, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpolówó àti ojú ìwé ní èdè ará ibẹ̀. Ní 13 oṣù kìíní 2022 ni wọ́n ṣí Twitter padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbàgbé VPN síbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Títí di àìpẹ́ yìí ni mo ṣì ń bá a nínú fóònù àwọn tó ní àwọn kò lo VPN rí. Ẹ wo òkè fóònù yín, níbi tí aago wà. Bí ẹ bá rí kọ́kọ́rọ́ kékeré níbẹ̀, òun nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ sọ pé wọ́n mọ ibi tí mo wà ní tòótọ́, kí ni wọ́n mọ̀? Ìlú tí Yorùbá, Fúlàní, Gàmbàrí, Núpé, Bàrùbá àti Kànúrí para pọ̀ kọ́, tí ọmọdé ń kọ Lárúbáwá sórí wàláà kó tó mọ ABD, èdè wo ni ẹ máa fi orúkọ rẹ̀ dá mọ̀? Mo ti sọ èdè mi nínú ìlà kan tí búráúsà ń gbé lọ sọ́dọ̀ yín ní gbogbo ìgbà. Ẹ pa á tì, ẹ lọ ń wo máàpù. Àìgbọràn ni mo ń pè é, kì í ṣe àìmọ̀. Àwọn ará Yúróòpù gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ dé inú òfin: láti 3 oṣù kejìlá 2018, lábẹ́ Ìlànà (EU) 2018/302, oníṣòwò kò gbọdọ̀ taari oníbàárà kúrò lórí ojú ìwé tó ṣí lọ sí ẹ̀dà orílẹ̀-èdè mìíràn torí ibi tó ń gbé, àfi tí oníbàárà bá gbà. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìkànnì ní Ìlọrin kò nílò òfin kó tó hùwà ọmọlúàbí.

Ti Google ní Nàìjíríà, nísàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ẹ lè lò ó ní Haúsá, Igbo, Yorùbá àti Pidgin. Àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń gbé fóònù wá pé Google àwọn "ti bàjẹ́", mo bá wò ó, Yorùbá ni. Inú máa ń bí mi, n kò ní purọ́. Mo sì mọ̀ pé wọn kò jẹ̀bi tó bí mo ṣe rò, torí èmi tí yo, àmì Yorùbá, wà lókè pátápátá nínú àkójọ tèmi, ìkànnì tó ń dáhùn sí i kò tó nǹkan; èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń fò ó lọ sórí Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ná mi ní nǹkan kan, àwọn tó ń ka àkọsílẹ̀ sáfà wọn á sì rí i pé ẹnì kan ní Kwara ń béèrè.

Ilé kewú kan ní ìhà gúúsù Kwara pè mí pé kí n bá àwọn ṣe ìkànnì tí yóò wà ní èdè mẹ́ta, Lárúbáwá, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ kí a fi àsíá ṣe bọ́tìnnì èdè, bó ṣe rí i lórí ìkànnì àwọn òyìnbó. Mo ní, "Bàbá, ti Lárúbáwá ń kọ́?" Ó ní ká fi ti Sọ́díà sí i. Mo rán an létí pé kálímà ló wà lára àsíá Sọ́díà, ṣé ó wù ú kí àwọn ọmọ máa tẹ kálímà lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́? Ó dákẹ́. Mo tún bi í pé ti Yorùbá ń kọ́, tí Yorùbá wà níhìn-ín tó sì wà ní Bénin? Ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ti Britain ni ká fi sí i ni, tàbí ti Nàìjíríà tí gbogbo ìwé ìjọba rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ó ní kí n gbàgbé àsíá.

Orúkọ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la kọ sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀, العربية, English, Yorùbá. Èdè kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, /ar/, /en/, /yo/, kí òbí lè fi èyí tó bá fẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ó sì yọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á. Ìkànnì máa ń ka ìlà búráúsà lẹ́ẹ̀kan, nígbà àkọ́kọ́. Tí èèyàn bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ yan èdè, kò tún ní dá sí i mọ́. Nọ́ńbà IP, a kò wò ó rárá. Ti Lárúbáwá àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti parí. Lórí /yo/, ojú ìwé owó ilé-ìwé ṣì ṣófo, akọ̀wé wọn ní òun máa kọ ọ́ tí ààwẹ̀ bá parí.